Níbo ni àkọsílẹ̀ ìjókòó ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó àwọn aṣòfin máa ń wà?

Ọmọ Ìsìkán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹgbẹ́ àdúgbò fẹ́ kọ̀wé lórí ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó-Èkìtì, a ò sì fẹ́ kọ ọ́ lórí àgbọ́sọ. Ohun tí a ń wá ni àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó: ta ni wọ́n pè, kí lẹni náà fi dáhùn, kí ni wọ́n dámọ̀ràn. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sínú Google, ìròyìn àwọn akọ̀ròyìn nìkan ló ń jáde. Ṣé Àkúrẹ́ níbí ni ojúlówó ìwé náà wà ni, àbí Abùjá? Ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Akọ̀wé Fáìlì

Ẹ ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó, nítorí náà Abùjá ni kí ẹ kọjú sí. Ilé aṣòfin Àkúrẹ́ lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ o, wọ́n lè ké sí ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n agbára ìwádìí tí apá 128 ìwé òfin 1999 fún wọn kò kọjá ohun tí wọ́n lágbára láti ṣòfin lé lórí. Ọ̀nà inú ìlú tí ìpínlẹ̀ ń ṣe, owó OSOPADEC (àjọ ìdàgbàsókè àgbègbè tó ń mú epo rọ̀bì jáde ní ìpínlẹ̀ Oǹdó), ilé ìwé girama ìjọba, ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀: ti àwọn aṣòfin 26 tó wà níbí nìyẹn.

Ní Abùjá, ilé méjì ni. Aṣojú-ṣòfin jẹ́ 360, aṣòfin àgbà jẹ́ 109, ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìgbìmọ̀ Works (iṣẹ́ òde) tirẹ̀. FERMA tó ń tún ojú ọ̀nà ṣe tún ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ nílé aṣojú-ṣòfin. Èèyàn á wá Works wá Works títí, kò ní rí nǹkan kan, nígbà tó jẹ́ pé FERMA ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún.

Ẹ má wá "minutes", ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n sọ nínú yàrá ìgbìmọ̀. Inú fáìlì akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni minutes máa ń wà, wọn kì í sábà gbé e síta. Ẹ̀yìnkùlé la ti ń wọ ilé yìí: ipasẹ̀ tí ìgbìmọ̀ fi sílẹ̀ nínú ìwé ìjókòó gbogbo ilé la ó kọ́kọ́ tọ̀. Order Paper ni ètò ọjọ́ náà, ìyẹn ohun tí wọ́n ní lọ́kàn láti ṣe. Votes and Proceedings ni ohun tí wọ́n ṣe gan-an àti ìpinnu tí wọ́n ṣe. Hansard ló gbé ọ̀rọ̀ ẹnu kálukú, ṣùgbọ́n ti ìjókòó gbogbo ilé ni, kì í ṣe ti yàrá ìgbìmọ̀. Ẹ má fi Order Paper ṣe ẹ̀rí pé nǹkan wáyé o. Wọ́n máa ń sún nǹkan síwájú. Votes ni kí ẹ gbára lé.

Tíṣà Ìjàpọ̀

Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ yìí ni. Ẹ jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń kà á hàn. Ẹ ṣí Order Paper tàbí Votes ilé aṣojú-ṣòfin, kí ẹ fò lọ sẹ́yìn pátápátá. Tábìlì kékeré kan máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ Committee Meetings sí lórí: nọ́ńbà, orúkọ ìgbìmọ̀, ọjọ́, aago, yàrá. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé ojú ewé yẹn torí pé wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síwájú. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ọjọ́ tí Works tàbí FERMA fẹ́ jókòó. Ìkéde ni ṣá. Ó lè má wáyé. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ wá ìròyìn tàbí fọ́nrán ọjọ́ yẹn láti fi jẹ́rìí sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà síwájú lọ sí ibi tí wọ́n kọ Presentation of Reports sí. Ẹ ó rí gbólóhùn tí kì í yàtọ̀: "That the House do receive the Report of the Committee on", orúkọ ìgbìmọ̀ á wá tẹ̀lé e. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ìròyìn kalẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n jókòó tì í, tí wọ́n yẹ àwọn ìmọ̀ràn inú rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mìíràn ni, oṣù lè wà láàárín méjèèjì. Ọjọ́ méjèèjì lẹ nílò.

Ẹ ṣọ́ra fún "Committee of the Whole". Orúkọ rẹ̀ ń tan èèyàn jẹ. Gbogbo ilé náà ni, wọ́n kàn sọ ara wọn di ìgbìmọ̀ kí wọ́n lè yẹ àbádòfin wò ní ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀. Kò sí ẹlẹ́rìí níbẹ̀, kò sí ìwé àbá. Bí ẹ bá ń wá "committee" nínú ìwé, ìdajì ohun tó máa jáde lè jẹ́ ìyẹn.

Nọ́ńbà náà ṣe pàtàkì. Àbádòfin aṣojú-ṣòfin ń jẹ́ HB, ti aṣòfin àgbà ń jẹ́ SB, ìpinnu aṣojú-ṣòfin sì ń jẹ́ HR pẹ̀lú nọ́ńbà, oṣù àti ọdún. Ṣùgbọ́n bí ilé tuntun bá ti wọlé, nọ́ńbà HB àti SB á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. HB kan náà lè wà nínú ilé kẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá kó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò bára tan. Ilé kẹjọ bẹ̀rẹ̀ ní 9 oṣù kẹfà 2015, ìkẹsàn-án ní 11 oṣù kẹfà 2019, ìkẹwàá ní 13 oṣù kẹfà 2023. Ìwé oṣù karùn-ún 2019 kì í ṣe ti ìkẹsàn-án o, ti ìkẹjọ ni.

Ọmọ Ìsìkán

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ wo gan-an la ó tẹ̀ láti fi wá a?

Tíṣà Ìjàpọ̀

Ẹ tẹ site:nass.gov.ng sínú Google, kí ẹ fi àyè sílẹ̀, kí ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ yín sínú àmì ọ̀rọ̀ ẹnu, kí ẹ fi filetype:pdf parí rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún placng.org náà, torí pé PLAC, àjọ aládàáni kan tó ń tọpa iṣẹ́ aṣòfin, máa ń kó Order Paper àti Votes jọ, placbillstrack.org wọn sì wà fún àbádòfin.

Orúkọ ọ̀nà ni yóò fún yín ní wàhálà. Àwọn tó ń tẹ ìwé náà kì í kọ ọ́ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. "Akure-Ado", "Akure/Ado-Ekiti", "Akure – Ado Ekiti" pẹ̀lú ìlà gígùn, "Ado-Akure". Ìlà kúkúrú àti ìlà gígùn kì í ṣe ohun kan náà lójú kọ̀ǹpútà, nítorí náà Ctrl+F (bọ́tìnì tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé) á sọ pé kò sí nígbà tó wà ní iwájú yín. Ẹ wá "Akure" nìkan, kí ẹ sì fi ojú yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.

Ẹ má sì wá "Ado" lásán, "adopted" ni yóò kún ojú yín. "Ondo" á gbé "London" wá. Àwọn ará Ọ̀sẹ́ ló tiẹ̀ ń jìyà jù: "Ose" wà nínú "those", "propose", "purpose", "close". Nínú Adobe Reader, ẹ fi àmì sí "Whole words only". Tàbí kí ẹ lo orúkọ ẹkùn ìdìbò bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé aṣòfin: Owo/Ose, Ilaje/Ese Odo, Idanre/Ifedore, Akure South/Akure North. Ilé-Olújì náà, ẹ wá "Ile-Oluji", "Ile Oluji" àti "Ileoluji".

Arákálẹ̀ Prints

Ká tó sọ pé Ctrl+F ò rí nǹkan, ẹ wò ó bóyá fọ́tò ni PDF náà. Ẹ fi máọ̀sì fa orí ìlà kan. Bí kò bá mú ọ̀rọ̀ kankan, àwòrán ìwé ni, kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà lè wá.

Àwọn tí kò ní owó sọ́fítíwíà: ẹ gbé e sínú Google Drive, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máọ̀sì tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ yan "Open with", lẹ́yìn náà Google Docs. Yóò yọ ọ̀rọ̀ jáde lábẹ́ àwòrán. Fáìlì tí kò ju MB 2 lọ ni Google ní ká fi síbẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gé ìwé ńlá sí ojú ewé mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ ṣe scan ìwé tí wọ́n fún yín, 300 dpi ni kí ẹ lò, dúdú àti eérú, kí ìwé náà má wọ́. Fọ́tò fóònù tí òjìji ọwọ́ wà lórí rẹ̀ kì í yọ dáadáa.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ nínú rẹ̀ ni tábìlì àti nọ́ńbà. Òdo á di lẹ́tà O, ẹyọ kan á di lẹ́tà l, kọ́mà inú owó á sọnù. ₦1,500,000 lè di 1.500.000 tàbí 1,500,00. Iye owó èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ fi sínú lẹ́tà, ẹ padà lọ fi ojú wò ó lórí àwòrán gan-an.

Ẹ sì tọ́jú ìwé náà lọ́jọ́ tí ẹ rí i. Wẹ́ẹ̀bù ìjọba lè yí padà ní òru, kí adírẹ́sì tí ẹ kọ sílẹ̀ má ṣí mọ́. Ẹ gbé adírẹ́sì náà sínú web.archive.org níbi tí wọ́n kọ "Save Page" sí, kí ẹ sì fi ọjọ́ ṣáájú orúkọ fáìlì, ọdún, oṣù, ọjọ́, kó lè to ara rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Fáìlì tó ń jẹ́ "download(7)" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ kejì.

Lọ́yà Kékeré

Gbogbo èyí ni ẹ ó ṣe kí ẹ tó kọ̀wé béèrè. Ìwé ìbéèrè tó sọ pé "gbogbo àkọsílẹ̀ lórí ọ̀nà" kì í rí èsì gidi. Èyí tó dárúkọ ìwé, ọjọ́ àti ojú ewé ló ṣòro láti yẹ̀ sílẹ̀.

Òfin Òmìnira Ìròyìn 2011 ni ẹ ó lò. Akọ̀wé Ilé ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe Abẹnugan, kì í ṣe alága ìgbìmọ̀. Ẹ ò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Apá 1 ti yọ yín kúrò nínú ìyẹn. Báyìí ni ara lẹ́tà ṣe lè rí:

"Lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011, mo ń béèrè ẹ̀dà ìròyìn ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó lórí … tí wọ́n gbé síwájú ilé ní ọjọ́ …, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú Votes and Proceedings nọ́ńbà …, ojú ewé …, àti ẹ̀dà ìwé àbá tí àwọn tí ìgbìmọ̀ pè mú wá. Bí ìwé náà bá wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yìí. Mo ṣetán láti san owó ẹ̀dà."

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí tiyín. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, ẹ ò ní ohun tí ẹ ó fi ka ọjọ́. Bí wọ́n bá gbà á ní ọjọ́ kẹta oṣù, ọjọ́ kẹwàá ni ọjọ́ méje pé. Wọ́n lè fi ọjọ́ méje sí i bí ìwé bá pọ̀ tàbí bó bá gba kí wọ́n bá iléeṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún yín. Dídákẹ́ wọn, kíkọ̀ ni lójú òfin. Láti ọjọ́ tí wọ́n kọ̀, 30 ọjọ́ ni ẹ ní láti gbé e lọ sílé ẹjọ́ lábẹ́ apá 20, bí adájọ́ bá sì rí i pé wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀, ₦500,000 ni owó ìtanràn. Owó tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ yín kò kọjá owó ẹ̀dà àti ti títẹ ọ̀rọ̀ sórí ìwé. Kò sí owó "wíwá fáìlì".

Onígègé

Lọ́yà, ẹ dáríjì mí, ṣebí òfin ìjọba àpapọ̀ nìyẹn? Àwọn ará ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ máa ń sọ pé kò kàn wọ́n.

Lọ́yà Kékeré

Wọ́n sọ ọ́ rí, ní Àkúrẹ́ gan-an sì ni wọ́n ti dá wọn lóhùn. Ní 2018, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ẹ̀ka Àkúrẹ́ ló dájọ́ nínú ẹjọ́ tí wọ́n pe Abẹnugan ilé aṣòfin Oǹdó lórí ìwé àyẹ̀wò owó ìpínlẹ̀ pé òfin náà mú gbogbo ìpínlẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ tó ti Ẹdó wá. Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín ní ìlà kan, kí ọ̀rọ̀ má gùn.

Ìyá Ìbejì Òkè-Àró

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò lè kọ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Ṣé wọn ò ní lé mi padà?

Lọ́yà Kékeré

Rárá, Mà. Ẹ lè fi ẹnu béèrè. Apá 3 ní kí òṣìṣẹ́ tí ẹ bá sọ ọ́ fún kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fún yín ní ẹ̀dà. Ẹlòmíràn tún lè bá yín béèrè. Ìwé tí ẹ máa gbà ló máa jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, torí Gẹ̀ẹ́sì ni apá 97 ìwé òfin 1999 fi lélẹ̀ fún iṣẹ́ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, àfi bí ilé bá fi ìpinnu fọwọ́ sí èdè mìíràn kún un.

Olówó Orí Ìwé

Ẹ ti gbàgbé ìgbìmọ̀ tó lọ́rọ̀ jù, ìyẹn Public Accounts, tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò. Apá 125 ìwé òfin 1999 ní kí Auditor-General ìpínlẹ̀ (ẹni tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò) gbé ìròyìn rẹ̀ fún ilé aṣòfin láàárín 90 ọjọ́ tó gba ìwé owó lọ́wọ́ Accountant-General, kí ilé sì gbé e fún ìgbìmọ̀ yìí. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní apá 85.

Ìròyìn àyẹ̀wò ni kọ́kọ́rọ́ yín. Wọ́n pín in sí ìpínrọ̀ tó ní nọ́ńbà, ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan sì dárúkọ iléeṣẹ́, iye owó àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Bí ìgbìmọ̀ bá pe iléeṣẹ́ kan, ìbéèrè inú ìpínrọ̀ yẹn ni wọ́n máa ń bi í. Ẹ béèrè báyìí: "èsì tí iléeṣẹ́ … fún ìgbìmọ̀ lórí ìpínrọ̀ … ìròyìn àyẹ̀wò ọdún …". Ohun tó ń ṣi èèyàn lọ́nà ni ọdún. Ọdún tó wà lára ìròyìn kì í ṣe ọdún tí ìgbìmọ̀ jókòó tì í. Ìjókòó lè pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa. Ẹ wá ọdún àyẹ̀wò, kí ẹ wá máa wò síwájú.

Ẹ sì má jẹ́ kí àkọlé ìwé ìròyìn tàn yín pé "aṣòfin ti pàṣẹ", nígbà tó jẹ́ ìgbìmọ̀ ló dámọ̀ràn. Apá 103 sọ ọ́ kedere, apá 62 sọ ọ́ fún Abùjá: ìgbìmọ̀ lè dámọ̀ràn, kò lè pinnu dípò ilé. Bí ẹ bá kọ "ilé aṣòfin pinnu" sínú lẹ́tà nígbà tí gbogbo ilé kò tíì fọwọ́ sí i, ìlà yẹn nìkan ni wọ́n máa fi da gbogbo lẹ́tà nù.

Ọmọ Oǹdó ní Lọ́ńdọ̀nù

Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe yẹ kó rí: ní Ìlú Ọba, committees.parliament.uk ló kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ẹ yan ìgbìmọ̀, ẹ yan ìwádìí, ẹ ó rí "Oral evidence", ọ̀rọ̀ ẹnu tí wọ́n tẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà lára ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, Q1, Q2, títí lọ. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ fi tọ́ka, kì í ṣe ojú ewé. "Written evidence" náà ní àmì lẹ́tà mẹ́ta àti nọ́ńbà mẹ́rin. Bí ẹ bá rí "Uncorrected" lórí ìwé, wọn ò tíì tún un kà, ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ìjọba máa ń fèsì sí ìròyìn ìgbìmọ̀ láàárín oṣù méjì, èsì náà á sì wà lábẹ́ ìwádìí kan náà. Ó wúlò fún àwa ará ilé bí iléeṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà bá jẹ́rìí níwájú wọn.

Arákálẹ̀ Prints

Lórí fọ́nrán, kí n fi kún un: bí ìjókòó ìgbìmọ̀ bá wà lórí YouTube, ẹ tẹ àpèjúwe tó wà nísàlẹ̀, ẹ wá "Show transcript", ẹ ó rí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú. Ó dára láti fi wá ibi tí wọ́n ti sọ nǹkan. Kò dára láti fi tọ́ka. Orúkọ Yorùbá ni ẹ̀rọ yẹn máa ń pa jù, "Ìdànrè" lè di ohun tí ẹ ò ní mọ̀. Ẹ fetí gbọ́ ọ, kí ẹ kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá sílẹ̀.

Akọ̀wé Fáìlì

Fún àwọn tó ń wá ti àtijọ́: títí di 1 oṣù kẹwàá 1996, Èkìtì wà lára ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìwé ilé aṣòfin Oǹdó láti 1979 sí 1983 kan Adó àti Ìkẹ́rẹ́ náà, ìwé bébà sì ni. Ohun tó ṣáájú 1976, ti Ìwọ̀-Oòrùn ni, ẹ lọ sí National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Ọmọ Ìsìkán

Bí a bá rí ìpinnu tó gbé ọ̀rọ̀ ọ̀nà fún ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n tí a ò rí ìròyìn kankan lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n fi pamọ́ ni?

Tíṣà Ìjàpọ̀

Ẹ padà lọ ka ìlà ìkẹyìn ìpinnu náà. Bí ó bá ní kí ìgbìmọ̀ ṣèwádìí kó sì "report back within four weeks", ìròyìn yẹ kó wà. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ wá Presentation of Reports láti ìgbà náà lọ, kí ẹ má dúró lórí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin o, ó máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ "to ensure compliance" tàbí "implementation" ni wọ́n kọ, kò sí ìròyìn tí wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ mú wá. Ẹ lè wá a títí di ọdún tó ń bọ̀. Lẹ́tà iléeṣẹ́ tí wọ́n kọ ìpinnu sí lẹ ó béèrè nígbà náà, àti èsì tí iléeṣẹ́ náà fún ìgbìmọ̀ Legislative Compliance (èyí tó ń wò bóyá wọ́n tẹ̀lé ìpinnu ilé), pẹ̀lú nọ́ńbà HR rẹ̀.

Lọ́yà Kékeré

Ẹ béèrè èsì náà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, lẹ́tà méjì ní ọjọ́ kan náà. Bí ìwé náà bá wà ní ọ́fíìsì mìíràn, apá 5 Òfin Òmìnira Ìròyìn ní kí wọ́n gbé ìbéèrè yín lọ síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ̀wé sọ fún yín. Ẹ tọ́jú ìwé ìgbélọ yẹn, òun ló máa sọ ọ́fíìsì tí fáìlì náà wà.